Ológbojò àti Aláàfin: ìbéèrè tí àwọn tó fẹ́ fi ìtàn yìí ṣe fíìmù máa ń béèrè ní Ọ̀yọ́

Ìtàn ọba tó mú iwin, tó sì sọ wọ́n di eléré, kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá dàgbà sí Ọ̀yọ́. Àwọn tó ń wá a láti Èkó àti Ìbàdàn ni wọn kì í dúró gbọ́ ọ tán. Wọ́n á ti kọ ìwé eré dé ìdajì kí wọ́n tó béèrè ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè. Mo kó ìbéèrè wọn jọ síbí. Ẹni tó bá jẹ́ pé ìtàn nìkan ló fẹ́ gbọ́, kó ka ìdáhùn kejì, kó máa bá tirẹ̀ lọ.

Ta ni Ológbojò yìí gan-an?

Ará ààfin ni. Ológbìn ni wọ́n ń pè é, Ológbojò sì ni oyè rẹ̀. Ó gbé ayé nígbà Aláàfin Ògbólù, ẹni tí ọ̀pọ̀ ìwé ń pè ní Abípa, ní ìparí sẹ́ńtúrì kẹrìndínlógún bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìkẹtàdínlógún. Wọ́n kà á mọ́ àwọn arọ́kin, àwọn tó ń fi orin pa ìtàn ọba mọ́. Iṣẹ́ irú wọn ni kí wọ́n wà nítòsí ọba, kí wọ́n máa gbọ́, kí wọ́n má sì gbàgbé. Títí di òní, ìdílé Ọ̀jẹ́, ìyẹn àwọn ìdílé eléégún tí orúkọ wọn ń jẹ́ Ọ̀jẹ́wálé, Ọ̀jẹ́níyì, Ọ̀jẹ́dìran, máa ń júbà rẹ̀ kí wọ́n tó ṣíde eré.

Báwo ni ìtàn náà ṣe lọ?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí Tápà ti lé Ọ̀yọ́ kúrò nílé. Ìgbà Aláàfin Onígbogi ni Tápà kó Ọ̀yọ́-Ilé. Ọba àti àwọn èèyàn rẹ̀ sá wọ ilẹ̀ Ìbàrìbá, wọ́n ń ṣe àtìpó kiri, kí wọ́n tó wá tẹ ìlú dó sí Ìgbòho. Ọba mélòó kan jẹ níbẹ̀ kó tó kan Ògbólù, Ògbólù ló sì ní ó tó gẹ́ẹ́, ilé là ń lọ.

Àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì, ìgbìmọ̀ ìjòyè ọba, kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti kọ́lé, wọ́n ti dáko, ara ti tù wọ́n ní Ìgbòho. Ta ló fẹ́ padà sínú ahoro lọ máa tún igi gé? Àmọ́ kò sí ẹni tó lè wo ojú Aláàfin kó sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọba fẹ́ rán èèyàn lọ wo ilẹ̀ ìlú àtijọ́, wọ́n dá ọgbọ́n kan. Ìjòyè kọ̀ọ̀kan mú ẹnì kan nínú àwọn ará ilé rẹ̀, wọ́n rán wọn ṣáájú lọ sórí òkè Àjàká. Baṣọ̀run rán abuké. Alápìnni rán àfín. Adẹ́tẹ̀ wà níbẹ̀, aràrá wà níbẹ̀, arọ wà níbẹ̀, ẹnì kan sì wà tí àgbọ̀n rẹ̀ yọ síta. Mẹ́fà ni wọ́n. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, tí àwọn tí ọba rán dé ibẹ̀, igbe ni wọ́n gbọ́ látorí òkè: “Kò sí àyè! Kò sí àyè!”

Wọ́n sá padà wá sọ fún ọba pé iwin ti gba ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀, ká ní Ológbojò kò mọ ohun tó ń lọ. Ó wọlé tọ ọba lọ, ó tú àṣírí. Ọba rán àwọn ọdẹ tí ọkàn wọn le, wọ́n lọ, wọ́n ká àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mọ́, wọ́n sì kó wọn wálé.

Ohun tí ọba ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn náà. Kò pariwo. Ó pe àwọn ìjòyè rẹ̀ wá sí ààfin bí ẹni tó fẹ́ ṣe wọ́n lálejò, ó sì jẹ́ kí oníkálukú rí ẹni tó rán níṣẹ́. Kò sí ẹni tó lè la ẹnu. Bí Ọ̀yọ́ ṣe padà sí Ọ̀yọ́-Ilé nìyẹn, tí wọ́n sì ń pe Ògbólù ní Ọba M'ọ̀rọ̀, ọba tó mú iwin. Àwọn mẹ́fà náà ńkọ́? Ológbojò ni ọba kó wọn fún. Ó kọ́ wọn ní ijó àti ẹ̀fẹ̀, ó sọ wọ́n di eléré ààfin.

Ibo la ti gbọ́ gbogbo èyí?

Ọ̀nà méjì ló gbà dé ọwọ́ wa. Àlùfáà Samuel Johnson, tó ṣe pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́ níbí, tó sì kú lọ́dún 1901, kọ ọ̀rọ̀ àwọn iwin mẹ́fà náà sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀. Ó ti parí ìwé náà lọ́dún 1897, àmọ́ àfọwọ́kọ rẹ̀ sọnù. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ tó kù tó tún un tò, kó tó jáde lọ́dún 1921. Èkejì ni Joel Adédèjì ti Yunifásítì Ìbàdàn, ẹni tó lọ bá àwọn ìdílé eléégún, tó sì fi ìtàn alárìnjó, àwọn eléégún tó ń gbé eré kiri, gba oyè ọ̀mọ̀wé lọ́dún 1969. Ipa tí Ológbojò kó, ọ̀dọ̀ Adédèjì ló ti hàn dáadáa. Ẹ ka méjèèjì. Ẹni tó bá ka ọ̀kan ṣoṣo, ìdajì ìtàn ló mú lọ sí ibi iṣẹ́.

Ta ni ká fi ṣe ọ̀tá nínú eré náà?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìwé eré ti ń ṣìnà. Wọ́n á fi ọba ṣe ìkà, wọ́n á fi Ológbojò ṣe ẹni mímọ́ tí ọba ń jẹ gàba lé lórí, ó di kí olórin máa sunkún ní ẹ̀yìnkùlé ààfin. Ìtàn náà kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ wo ẹni tí Ológbojò tú àṣírí rẹ̀. Alápìnni wà lára àwọn tó rán iwin lọ, Alápìnni sì ni olórí awo eégún láàárín Ọ̀yọ́ Mèsì. Ọmọ awo ni Ológbojò fúnra rẹ̀. Ó gba ẹ̀yìn olórí awo rẹ̀ lọ bá ọba. Kí ni ẹ máa pe irú ẹni bẹ́ẹ̀? Olóòótọ́ sí ọba? Ọ̀dàlẹ̀ awo? Olóṣèlú tó mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí? Ó jẹ èrè ọ̀rọ̀ tó sọ, torí gbogbo ẹgbẹ́ eré rẹ̀ látọwọ́ ọba ló ti wá.

Ọba náà kò sì fi àánú ṣe é. Èèyàn mẹ́fà tó mọ àṣírí ilé ìjòyè mẹ́fà, o kò lè dá wọn padà sílé, pípa wọn yóò sì dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìwọ àti ìgbìmọ̀ rẹ. Ó wá fi wọ́n sọ́wọ́ ẹni tó jẹ́ tirẹ̀ pátápátá, ó ní kí wọ́n máa jó. Láti ọjọ́ náà lọ, ìgbàkígbà tí eré bá wà láàfin, àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì ní láti jókòó wo ìtìjú ara wọn, kí wọ́n sì tún rẹ́rìn-ín.

Bí èmi bá ní owó fíìmù, ọjọ́ kan ni mo máa gbé kámẹ́rà lé: alẹ́ tí Ológbojò ti mọ̀, tí kò tíì sọ.

Kí ni ọba ń rí nínú eré tó ń ná owó lé lórí?

Àlejò kan kọ ẹ̀rí rẹ̀ sílẹ̀ fún wa ní nǹkan bí igba ọdún lẹ́yìn Ológbojò. Hugh Clapperton, ará Scotland, wọ Ọ̀yọ́-Ilé ní oṣù Jánúárì 1826, nígbà Aláàfin Májòótú. Ó kọ ọ́ pé nígbà tí àwọn olórí ìlú tó wà lábẹ́ Ọ̀yọ́ bá wá kí ọba ni wọ́n máa ń ṣeré. Ní 22 Fẹ́búárì, òun náà lọ wòran.

Ìpele mẹ́ta ni eré náà. Nínú ti àkọ́kọ́, àwọn eléré wà nínú àpò tó bò wọ́n látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n ń jó, wọ́n ń fò, wọ́n ń tàkìtì. Nínú èkejì, òjòlá jáde: ejò aláṣọ tí wọ́n kùn bí ara òjòlá gan-an, gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlá, ó ń la ẹnu, ó ń pa á dé, ó ń fẹ́ bu àwọn òǹwòran ṣán, títí ọkùnrin kan fi yọ idà tì í.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Eléré kan dúró sójú agbo nínú àpò rẹ̀. Àpò náà ń ṣí kúrò lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ohun tó sì wà nínú rẹ̀ funfun bí ìda, ó tín-ín-rín, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù ń pa. Ó ń ṣe bí ẹni ń fín aáṣáà. Ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́. Nígbà tó máa rìn, ó ń gbé ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò tẹ ilẹ̀ láìwọ bàtà rí. Òyìnbó ni wọ́n ń ṣe! Ẹ̀rín pa gbogbo agbo. Wọ́n ń yíjú sí Clapperton, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wò ó dáadáa. Ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé òun ṣe bí ẹni pé ó dùn mọ́ òun bó ṣe dùn mọ́ wọn. Láàárín ìpele kan sí èkejì, àwọn ayaba ń kọrin, èrò ń gbè é.

Ohun tí ọba rí gbà nìyẹn. Àwọn olórí ìlú tó wá sìn ín rí ohun tí kò sí láàfin tiwọn, wọ́n sì lọ ròyìn rẹ̀ nílé. Àlejò tó ń bi ọba ní ìbéèrè láti ọjọ́ tó ti dé, ọba kò bú u. Eré ló bá ọba bú u, àlejò náà sì ṣe bí ẹni pé ó dùn mọ́ òun.

Ṣé ọba ló ni ẹgbẹ́ eré náà títí ayé?

Rárá, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Ológbojò gbé ẹ̀kú, aṣọ eégún, wọ Olúgbẹ́rẹ́ Àgan ọmọ rẹ̀, ọmọ náà di eléré. Lẹ́yìn náà ni Ẹ̀sà Ògbín, ìbátan Ológbojò níhà ìyá, gbé eré kúrò lábẹ́ òrùlé ààfin, ó di ohun tí wọ́n ń gbé kiri láti ìlú dé ìlú. Òun ni wọ́n fi ń pe ewì eégún ní ẹ̀sà lọ́dọ̀ tiwa níbí; iwì làwọn ẹlòmíràn ń pè é. Ẹ tẹ́tí sí ìjúbà eléégún èyíkéyìí, orúkọ rẹ̀ kò ní ṣàì jáde.

Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé wá dahoro lẹ́yìn ogun Ẹlẹ́dùwẹ̀ láàárín ọdún 1830 sí 1840, ààfin tó ń bọ́ eré ṣubú, eré kò bá a ṣubú. Ó ti ní ẹsẹ̀ tirẹ̀. Aláàfin Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ tiwa yìí dó, àwọn ọ̀jẹ́ mìíràn sì gba ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ṣogbo, Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá lọ pẹ̀lú ogunlọ́gọ̀ tó ń sá. Ẹgbẹ́ ń bí ẹgbẹ́. Agbégijó wà lára àwọn tí orúkọ wọn kàn jù. Wọn kì í ṣeré fún ọba kan ṣoṣo mọ́: baálẹ̀ lónìí, ọlọ́jà lọ́la, ẹni tó ń ṣòkú baba rẹ̀ lọ́túnla. Owó tó ń wọlé kéré sí ti ààfin, àmọ́ kò sí ẹnì kan tó lè ní kí wọ́n má ṣe é mọ́.

Fún ẹni tó ń ṣe fíìmù, ìyapa yìí tó fíìmù kejì fúnra rẹ̀. Ológbojò jẹun lọ́wọ́ ọba, ó sì sanra. Ẹ̀sà Ògbín jẹun lọ́wọ́ ọjà.

Aṣọ àti ìlù wo ni ká lò?

Bàtá ni ìlù eléégún: ìyáàlù, pẹ̀lú àwọn omele tó ń tẹ̀ lé e. Ẹ má kó dùndún nìkan sínú rẹ̀ torí pé òun lẹ tètè rí. Ẹni tó ní ìyáàlù bàtá nílé kò jìnnà ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ wá ọmọ Àyàn tó mọ̀ ọ́n lù, kí ẹ sì sanwó rẹ̀ dáadáa.

Ní ti aṣọ, ẹ lọ wo bí wọ́n ṣe ń pidán kí ẹ tó gbé iṣẹ́ fún télọ̀. Ẹ̀kú idán máa ń fẹ̀, inú rẹ̀ kò sì bá òde mu. Eléré á máa pòòyì lójú agbo, yóò di etí aṣọ mú, yóò fà á gba orí. Kí o tó ṣẹ́jú, inú ti di òde, ohun tó pupa ti di aláràbarà, o kò sì rí ìka ẹsẹ̀ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ẹ má fi kọ̀ǹpútà ṣe é, mo bẹ̀ yín. Ọwọ́ ni ẹwà rẹ̀ wà. Bí ẹ bá fẹ́ ìran òyìnbó, igi ni wọ́n ń gbẹ́ ojú rẹ̀, imú á gùn gbọọrọ, wọ́n á sì fi awọ ẹdun ṣe irun rẹ̀. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wà níbí tó lè gbẹ́ ẹ. Igbá fínfín tí ẹ máa gbé síwájú ọba, iṣẹ́ Ọ̀yọ́ ni, ẹ kò ní wá a lọ ibòmíràn.

Eré fúnra rẹ̀ ní ètò: ìjúbà, ijó, idán, lẹ́yìn náà ijó ìdágbére. Bí ẹ bá fo ìjúbà torí kí fíìmù lè yá, àgbà tó bá wò ó yóò pa tẹlifíṣọ̀n.

Ṣé a lè fi ẹni tó wà nínú ẹ̀kú hàn?

Ẹ má ṣe é. Ẹ jẹ́ kí eégún wọlé kó tó bọ́ra. Kò sí ohun tí ìtàn yìí máa pàdánù.

Obìnrin ńkọ́?

Wọ́n pọ̀ níbẹ̀ ju bí àwọn ìwé eré ṣe ń rò. Akùnyùngbà, àwọn obìnrin akéwì ààfin, ló ń ki ọba láràárọ̀. Nínú ẹgbẹ́ alárìnjó, àwọn ìyàwó àti ọmọbìnrin ọ̀jẹ́ ló ń gbe orin, àwọn ló sì ń mọ̀ bí ara agbo bá ti ń tutù. Ìyá Àgan sì jẹ́ oyè obìnrin nínú awo. Ìyàwó Ológbojò tó mọ̀ pé ọkọ òun fẹ́ lọ bá ọba lálẹ́, ó tó kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu.

Báwo ni ká ṣe ya abuké, àfín, adẹ́tẹ̀ àti àwọn yòókù?

Ẹ pe abuké gidi, ẹ pe àfín gidi, kí ẹ má fi fóòmù di ẹ̀yìn òṣèré. Ìyẹn àkọ́kọ́. Èkejì, ẹ fún wọn ní orúkọ nínú ìwé eré yín. Nínú ìtàn, ẹni tó rán wọn ní orúkọ, ẹni tó gbà wọ́n ní orúkọ, àwọn fúnra wọn kò ní. Wọ́n fi wọ́n dẹ́rù ba èèyàn lóru, wọ́n tún fi wọ́n pa èèyàn lẹ́rìn-ín lọ́sàn-án, kò sí ẹni tó bi wọ́n. Wọ́n di eléré tó mọṣẹ́ láìka ìyẹn sí. Olùdarí eré tó bá mọ ohun tó ń ṣe yóò jẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn kórìíra Ológbojò títí dópin.

Ibo ni ká ti ya á?

Ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà nínú Old Oyo National Park, igbó ìjọba tó fẹ̀ tó nǹkan bí 2,512 kìlómítà níbùú lóròó, tí wọ́n sọ di ọgbà orílẹ̀-èdè lọ́dún 1991. Ọ́fíìsì wọn wà ní Ìsokùn, Ọ̀yọ́ níbí. Ibẹ̀ lẹ ti máa gbàṣẹ. Ẹ má retí ààfin o. Òkìtì odi, àpáàdì, igi osè àti àpáta ló kù. Ẹ lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí tí òjò bá ti ń rọ̀, koríko á ga ju èèyàn lọ, ọkọ̀ yín á sì rì. Ìgbòho kò jìnnà sí igbó náà, ibojì àwọn Aláàfin wà níbẹ̀ ní Igbó Ọba. Ẹ kí àwọn àgbà ìlú kí ẹ tó gbé kámẹ́rà jáde.

Ṣé a ní láti gba àṣẹ lọ́dọ̀ Aláàfin?

Òfin kò fi dandan lé e fún ìtàn tó ti pẹ́ tó báyìí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ lo àgbàlá ààfin, tàbí kí àwọn arọ́kin bá yín sọ̀rọ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí ààfin, kí ẹ sì wá fúnra yín. Ẹ má rán ọmọdé.

Èdè wo ni kí àwọn òṣèré máa sọ?

Ọ̀yọ́. Ẹ má kó àdàlù Èkó wá síwájú Aláàfin Ògbólù. Àwọn ìjòyè kì í sọ̀rọ̀ sí ọba ní tààrà bí ẹni ń dúnàádúrà. Ẹ jẹ́ kí òwe àti àkànlò ṣe iṣẹ́ náà, kí ẹ sì jẹ́ kí ọba máa dákẹ́. Nínú ìtàn yìí, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ jù ló ń pàdánù.

Ṣé irú fíìmù báyìí ti wà?

Èyí tó sún mọ́ ọn jù ni Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde lọ́dún 2022, ìtàn ahunṣọ kan tó wọ Ọ̀yọ́ tí ọ̀rọ̀ ààfin sì gbé mì. Ẹ rántí pé Adé Love, bàbá olùdarí náà, inú ẹgbẹ́ eré alárìnkiri ló ti wá, òun ló sì ṣe olú òṣèré nínú Àjàní Ògún tí Ọlá Balógun darí lọ́dún 1976, tí Dúró Ládipọ̀ náà wà nínú rẹ̀. Hubert Ògúndé, tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1945, ti bá alárìnjó ṣeré ní kékeré. Gbogbo wọn ló jẹ nínú àwo Ẹ̀sà Ògbín. Ti Ológbojò fúnra rẹ̀ ló yẹ kí ẹnì kan jókòó tì báyìí, kí ó sì kọ́kọ́ lọ bá àwọn ìdílé Ọ̀jẹ́ ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ kí ó tó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Àsìkò ọdún eégún ni kí ẹ wá, torí lákòókò mìíràn, oko ni ẹ máa bá ọ̀pọ̀ nínú wọn.